Òmìnira Ta Ni? Àgbéyẹ̀wò Garibaldi àti Ogun Ilẹ̀ Onílẹ̀

Giuseppe Garibaldi lo nǹkan bí ọdún méjìlá ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ó ń jagun lórí omi, ó ń jagun lórí ilẹ̀, kí Ítálì tó mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó. Nígbà tí ó di ẹni ọdún 63, tí làkúrègbé ti mú un débi pé kẹ̀kẹ́ ẹṣin ni wọ́n fi ń gbé e kiri ojú ogun, ó tún sọdá sí Faransé láti lọ gbèjà ìjọba olómìnira kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí oṣù kan. Àwọn ọ̀tá rẹ̀ ní ajalèlókun ni. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní akọni ayé méjì, nítorí pé ó jà ní Yúróòpù, ó sì jà ní Amẹ́ríkà. Àríyànjiyàn yìí kò tíì parí títí di òní, ìwé tí wọ́n sì ti kọ lórí rẹ̀ kò níye.

Lójú tèmi, ìbéèrè tí ẹgbẹ́ méjèèjì ń bi ara wọn kọ́ ló yẹ kí a kọ́kọ́ bi. Àwọn ń béèrè bóyá ọkàn rẹ̀ mọ́. Ọkàn rẹ̀ mọ́. Mo gbà bẹ́ẹ̀, n óò sì sọ ìdí rẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí àwa tí wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lọ sí èbúté Bùràsíìlì àti Kúbà béèrè ni pé: orílẹ̀-èdè olómìnira tí ọkùnrin yìí ń ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún, ta ló dá sílẹ̀, ta ló sì fi sílẹ̀ nínú ẹ̀wọ̀n?

Atukọ̀ ni Garibaldi kó tó di ológun. Nice ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 4 oṣù Agẹmọ 1807, inú ìdílé tó ń fi ọkọ̀ ojú omi ṣòwò. Ní 1833, ní èbúté Taganrog ní Rọ́ṣíà, ó pàdé ọmọ Ítálì bíi tirẹ̀ tó sọ fún un nípa ẹgbẹ́ tí Giuseppe Mazzini ti dá sílẹ̀ ní 1831. Ẹ̀kọ́ Mazzini kò ṣòro láti gbé sọ́kàn: kí Ítálì tó pín sí ìjọba kéékèèké di ọ̀kan, kí ó má sì ní ọba, orílẹ̀-èdè yòówù tó bá dìde láti gba ara rẹ̀, ìjà gbogbo ènìyàn ló ń jà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbìmọ̀ ìdìtẹ̀ kan ní Genoa. Ó tú sí wọn lọ́wọ́, Garibaldi sá, ilé ẹjọ́ sì dájọ́ ikú fún un lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí 1835 ń parí lọ ni ó wọ ọkọ̀ lọ sí Rio de Janeiro, níbi tí àwọn ọmọ Ítálì mìíràn tí ilé lé jáde ti kóra jọ.

Kò yẹ kí a fi ojú kékeré wo ìdájọ́ ikú yẹn. Púpọ̀ nínú àwọn ológun tó lọ jà fún ìjọba olómìnira ní ilẹ̀ òkèèrè ní ọ̀rúndún yẹn, ìbáà jẹ́ ọmọ Pólàndì, ìbáà jẹ́ ọmọ Hángárì, ìdìtẹ̀ tó forí ṣánpọ́n nílé ló tú wọn ká. Wọ́n nífẹ̀ẹ́ òmìnira lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kò rílé padà sí pẹ̀lú.

Ogun tí Garibaldi bá níbẹ̀ ni ti Rio Grande do Sul, ìpínlẹ̀ tó wà ní ìparí gúúsù Bùràsíìlì. Ní ọjọ́ 20 oṣù Ọwẹ́wẹ̀ 1835, àwọn olówó ẹran ọ̀sìn ibẹ̀, tí Bento Gonçalves da Silva ṣáájú wọn, lé gómìnà kúrò ní Porto Alegre. Nígbà tí ọdún yípo, ọ̀gágun Antônio de Sousa Neto kéde pé Rio Grande kò sí lábẹ́ ọba Bùràsíìlì mọ́, ó ti di olómìnira. Ẹran gbígbẹ wà lára ohun tó bí wọn nínú. Charque ni wọ́n ń pè é: ẹran màlúù tí wọ́n fi iyọ̀ pa, tí wọ́n sá sóòrùn, tí wọ́n wá ń kó lọ tà sí àwọn oko ìrèké àti oko kọfí ní àríwá. Owó ibodè tí ìjọba Rio bù lé iyọ̀ àti ọjà wọn pọ̀, ẹran tó ń ti Uruguay àti Ajẹntínà bọ̀ sì ń wọ́pọ̀ ju tiwọn lọ lójú àwọn oníbàárà wọn.

Ẹ jẹ́ kí a tẹjú mọ́ ẹran yìí díẹ̀, nítorí inú rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ní Pelotas, ìlú tí iṣẹ́ náà ti gbilẹ̀ jù, ẹrú ló ń pa màlúù, ẹrú ló ń kun ún, ẹrú ló ń fi iyọ̀ ra á títí ọwọ́ fi ń bó. Nígbà tí ó bá sì dé àríwá, ẹrú ni wọ́n ń fi í bọ́. Àwọn tó ń pariwo pé ìjọba Rio ń jẹ àwọn níyà, ẹran tí ẹrú ṣe fún ẹrú jẹ ló sọ wọ́n di olówó. Wọ́n fẹ́ òmìnira kúrò lọ́wọ́ owó ibodè, ọba àti gómìnà àjòjì. Oko ẹrú tí ó wà nínú ilé tiwọn, wọn kò fọwọ́ kàn án.

Ní ọdún 1835 yẹn kan náà, oṣù mẹ́jọ ṣáájú kí Bento Gonçalves tó gba Porto Alegre, àwọn ènìyàn wa ti jà tiwọn ní Salvador, Bahia. Ní òru ọjọ́ 24 mọ́jú 25 oṣù Ṣẹrẹ́, nǹkan bí ẹgbẹ̀ta ènìyàn, tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ọmọ Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Nagô níbẹ̀, tí àwọn aṣáájú wọn sì jẹ́ Mùsùlùmí, jáde pẹ̀lú idà àti ọ̀kọ̀ sí ojú títì. Ó lé ní àádọ́rin nínú wọn tó kú. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n pa àwọn kan, wọ́n na àwọn kan ní pàṣán lójoojúmọ́, wọ́n dá àwọn mìíràn padà sí etíkun Áfíríkà. Ọ̀pọ̀ olówó ẹrú tí ẹ̀rù ń bà sì ta àwọn Nagô tó wà lọ́wọ́ wọn jáde kúrò ní Bahia, àwọn kan sì bá a dé Rio Grande do Sul. Ìdí nìyẹn, lára àwọn ìdí mìíràn, tí ẹ̀sìn Batuque tó wà ní Porto Alegre lónìí fi ní ẹ̀ka tó ń jẹ́ Ijexá àti èyí tó ń jẹ́ Oyó. Kò sí atukọ̀ láti Genoa tó ti etíkun wá ran àwọn ará Salvador lọ́wọ́. Mi ò mọ ìwé ìròyìn kankan ní Yúróòpù tó pe ìjà wọn ní ìjà olómìnira.

Ó tún ku ibì kan tí ìtàn méjèèjì ti fara kanra. Nígbà tí ọwọ́ ìjọba tẹ Bento Gonçalves, Salvador yìí náà ni wọ́n wá fi í sẹ́wọ̀n sí, nínú odi tó wà láàárín omi ní èbúté ibẹ̀. Ní oṣù Ọwẹ́wẹ̀ 1837 ó fi odò wíwẹ̀ sá jáde, ó sì padà lọ di ipò ààrẹ rẹ̀ mú ní Rio Grande. Ìlú tí wọ́n ti na Nagô nítorí pé ó fẹ́ dòmìnira ni aṣáájú àwọn olómìnira ti ja àjàbọ́.

Ogun kì í sì í bèèrè àwọ̀ ara nígbà tí ènìyàn bá ń dín kù. Láìpẹ́, àwọn ọlọ̀tẹ̀ Rio Grande bẹ̀rẹ̀ sí í ṣèlérí òmìnira fún ẹrú tó bá gbé ọ̀kọ̀ fún wọn. Bí àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin dúdú tí wọ́n ń pè ní Lanceiros Negros ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Darandaran ni púpọ̀ nínú wọn tẹ́lẹ̀, wọ́n mọ ẹṣin gùn, ọ̀kọ̀ gígùn sì ni ohun ìjà wọn. Garibaldi jà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Nínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀, ó yìn wọ́n fún ìgboyà.

Iṣẹ́ tirẹ̀ ní tòótọ́ wà lórí omi. Ọkọ̀ kékeré kan tí ó sọ ní Mazzini ni ó fi bẹ̀rẹ̀ ní 1837, pẹ̀lú ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ ìjọba Rio Grande pé kí ó máa gba ọkọ̀ Bùràsíìlì níbi tó bá ti rí i. Ẹni tó bá pè é ní ajalèlókun, ibí ni ó ti rí ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ó gba ọkọ̀ kan tó kó kọfí, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe rò ó. Èrò inú ọkọ̀ náà kan, ọmọ Pọtogí, wá bá a tìbẹ̀rùtìbẹ̀rù, ó sì na àpótí kékeré kan sí i tí dáyámọ́ńdì wà nínú rẹ̀. Garibaldi ní kí ó dá àpótí rẹ̀ padà sápò, pé òun kò wá dáyámọ́ńdì. Ó wá kéde òmìnira fún àwọn ẹrú tó wà nínú ọkọ̀ náà, àwọn kan nínú wọn sì di atukọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Kò sí òfin Rio Grande tó ní kí ó tú wọn sílẹ̀. Òun ló dá a ṣe.

Nítorí èyí ni mo ṣe sọ pé ọkàn rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ọkàn ẹnì kan kì í ṣe òfin ìlú. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ọta ìbọn bá a ní ọrùn, tí ó sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ní Gualeguay ní Ajẹntínà. Nígbà tí ó gbìyànjú láti sá, ọ̀gá ibẹ̀ fi okùn so ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ mọ́ igi àjà fún wákàtí mélòó kan. Ó padà sí Rio Grande, ó tún gba iṣẹ́. Ní 1839, nígbà tí ọmọ ogun ọba dí ẹnu omi mọ́ wọn, ó ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ ogun méjì lé orí kẹ̀kẹ́ ńláńlá, wọ́n sì fi agbo akọ màlúù wọ́ wọn gba orí ilẹ̀ iyanrìn kọjá láti adágún Patos títí dé òkun. Ọ̀kan rì nínú ìjì, ó gbé àwọn ọmọ Ítálì tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ lọ. Pẹ̀lú èyí tó kù, tó ń jẹ́ Seival, ó wà lára àwọn tó gba Laguna ní ìpínlẹ̀ Santa Catarina, níbi tí wọ́n ti kéde orílẹ̀-èdè olómìnira mìíràn tí kò lò ju oṣù mélòó kan lọ. Ibẹ̀ ló ti pàdé Ana Maria de Jesus Ribeiro, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Anita, obìnrin tó gun ẹṣin, tó yìnbọn, tó sì bá a dé ojú ogun.

Láàárín àkókò kan náà ni iṣẹ́ tó bà á lọ́kàn jẹ́ jù wáyé. Ọ̀gágun Davi Canabarro pàṣẹ pé kí ó lọ jẹ Imaruí níyà, ìlú kékeré kan tó ti padà sẹ́yìn ọba. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ wọ ilé onílé, wọ́n kó ẹrù, wọ́n mu ọtí yó, apá rẹ̀ kò sì ká wọn mọ́. Kò fi èyí pamọ́ nínú ìwé rẹ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìtìjú. Àwọn tó ń kọ ìtàn rẹ̀ fún ọmọdé ní Ítálì sábà máa ń fò ó. Kò yẹ kí wọ́n máa fò ó, nítorí ẹni tó bá fi ara rẹ̀ fún ogun ilẹ̀ onílẹ̀ ti fi ara rẹ̀ sábẹ́ àṣẹ ẹni tí kò yàn.

Ó ti kúrò ní Rio Grande nígbà tí ohun tó burú jù ṣẹlẹ̀. Ní 1842 sí 1843, nígbà tí àwọn aṣòfin ìjọba ọlọ̀tẹ̀ náà jókòó ní Alegrete láti ṣe ìwé òfin wọn, José Mariano de Mattos dábàá pé kí wọ́n fòpin sí oko ẹrú. Wọn kò gbà fún un. Ìwé òfin tí wọ́n kọ sọ pé ọmọ orílẹ̀-èdè ni ẹni tó bá jẹ́ òmìnira, ó sì fi ẹrú sílẹ̀ bó ṣe wà. Nígbà tó di 1844, ogun ti sú tọ̀tún tòsì, wọ́n ń dúnàádúrà. Ọ̀rọ̀ kan ló há wọn lọ́nà: kí ni kí wọ́n ṣe sí àwọn ẹrú tó ti gbé ọ̀kọ̀? Ìjọba ọba kò fẹ́ gbọ́ pé ẹrú tó dìtẹ̀ gba òmìnira. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 14 oṣù Bélú, níbi tí wọ́n ń pè ní Porongos, àwọn ọmọ ogun ọba já lu àgọ́ Canabarro. Àwọn ọ̀gá ọlọ̀tẹ̀ fúnra wọn ti gba ọta lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun dúdú ṣáájú, wọ́n sì ti yà wọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn yòókù. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún tó kú, àwọn dúdú ló pọ̀ jù nínú òkú.

Lẹ́tà kan wà tí wọ́n ní ọ̀gá ọmọ ogun ọba, olóyè Caxias, kọ sí ẹni tó ṣáájú ìkọlù náà, pé kí ó má bẹ̀rù, pé Canabarro ti mọ̀ nípa rẹ̀. Àwọn kan ní ayédèrú ni, ọgbọ́n ogun ni wọ́n fi dá a láti ba Canabarro lórúkọ jẹ́. Àwọn mìíràn ní òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ohun tí kò sí àríyànjiyàn lé lórí ni pé, ní oṣù mẹ́ta ó lé díẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ní Ponche Verde, àwọn ọ̀gágun ọlọ̀tẹ̀ sì padà sínú ọmọ ogun Bùràsíìlì pẹ̀lú oyè wọn. Wọ́n sin Bento Gonçalves ní 1847, ẹrú sì wà lára ogún tó fi sílẹ̀.

Ó ti di 1841 nígbà tí Garibaldi, Anita àti ọmọ wọn kékeré, Menotti, dé Montevideo. Ó da màlúù dé apá ibì kan lójú ọ̀nà, ó kọ́ ọmọ ilé ìwé ní ìṣirò, kí ìjọba Uruguay tó fún un ní ọkọ̀ ogun. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti lọ́jú pọ̀ jù, ibẹ̀ náà sì ni àwọn alátakò rẹ̀ ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ogun Uruguay kì í ṣe ogun olómìnira pẹ̀lú ọba. Manuel Oribe, tó dó ti Montevideo láti 1843 títí di 1851, ti jẹ́ ààrẹ Uruguay rí kí wọ́n tó lé e kúrò. Juan Manuel de Rosas tó ń tì í lẹ́yìn láti Buenos Aires, kò pe ara rẹ̀ ní ọba, àwọn dúdú Buenos Aires tó fẹ́ràn rẹ̀ sì pọ̀. Nínú Montevideo, àjòjì ló pọ̀ ju ọmọ ìlú lọ, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé sì ń ṣọ́ èbúté fún ire òwò wọn. Àwọn òpìtàn ẹgbẹ́ òṣèlú Blanco, tí Oribe dá sílẹ̀, sọ pé àwọn alágbára Yúróòpù ni Garibaldi ń ṣiṣẹ́ fún, ó mọ̀ ni o, kò mọ̀ ni o. Mi ò lè sọ pé wọ́n purọ́ pátápátá.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí Montevideo ṣe tí Rio Grande kò ṣe. Ní oṣù Ọ̀pẹ 1842, nígbà tí ọ̀tá ti ń sún mọ́ odi, ìjọba ibẹ̀ ṣòfin pé ẹrú kò sí mọ́ ní Uruguay. Ẹ má jẹ́ kí a fi oyin sí i lẹ́nu: ọmọ ogun ni wọ́n ń wá. Ọkùnrin tó bá lè gbé ìbọn, inú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ni wọ́n tì í sí tààrà, obìnrin àti ọmọdé sì tún wà lábẹ́ ọ̀gá wọn àtijọ́ bí ẹni tí wọ́n ń tọ́. Síbẹ̀ òfin ni, Oribe náà sì ní láti ṣe irú rẹ̀ ní ìhà tirẹ̀ ní 1846. Àwọn ọmọ ogun dúdú àti ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Ítálì tí Garibaldi kó jọ ní 1843 wà lára àwọn tó jọ pín iṣẹ́ ṣíṣọ́ odi náà.

Ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Ítálì yìí ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀wù pupa. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé aṣọ náà ti wà nílẹ̀ fún àwọn apẹran ní Buenos Aires, ogun kò jẹ́ kó lọ, ìjọba sì rà á lọ́pọ̀. Ní oṣù Èrèlé 1846, ní San Antonio lẹ́bàá Salto, nǹkan bí igba nínú wọn di ojú kan mú láti ọ̀sán títí ilẹ̀ fi ṣú níwájú ọ̀tá tó pọ̀ jù wọ́n lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Kí ni wọ́n gbà lérè? Ọ̀gágun Fructuoso Rivera fẹ́ fún wọn ní ilẹ̀ àti ẹran ọ̀sìn ní 1845. Wọ́n dá ìwé náà padà, wọ́n ní àwọn kò jà torí ilẹ̀. Nílé Garibaldi fúnra rẹ̀, oúnjẹ tí ìjọba ń pín fún ọmọ ogun ló ń jẹ, àbẹ́là kò sì sí nínú ìpín náà. Wọ́n máa ń sọ pé ọ̀gágun ojú omi Faransé kan wá kí i lálẹ́, inú òkùnkùn ni wọ́n ti jọ sọ̀rọ̀. Nígbà tí mínísítà ogun gbọ́, ó fi owó ránṣẹ́ sí i. Garibaldi yọ owó àbẹ́là nínú rẹ̀, ó fi ìyókù fún opó kan. Ẹni tó bá ṣì ń pè é ní ẹni tó ń fi ogun jẹun, kí ó gbé èyí yẹ̀ wò.

Láti Montevideo ni ọkùnrin kan ti tẹ̀ lé e tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ dáadáa. Andrés Aguyar ni orúkọ rẹ̀. Inú oko ẹrú ni àwọn òbí rẹ̀ wà. Ó ga, ó sígbọnlẹ̀, ó mọ ẹṣin gùn dé góńgó. Nígbà tí Garibaldi wọ ọkọ̀ padà sí Ítálì ní 1848, Aguyar wà lára àwọn tó bá a lọ. Ní Róòmù, níbi tí wọ́n ti kéde ìjọba olómìnira ní ọjọ́ 9 oṣù Èrèlé 1849 lẹ́yìn tí Póòpù sá lọ, gbogbo ìlú ló mọ ọkùnrin dúdú tó ń gun ẹṣin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gágun, pẹ̀lú ọ̀kọ̀ lọ́wọ́ àti okùn olójóbó tí àwọn darandaran Uruguay fi ń mú màlúù. Ayàwòrán Gẹ̀ẹ́sì kan tó wà nínú ìlú náà, George Housman Thomas, ya òun àti Garibaldi pọ̀ fún ìwé ìròyìn Illustrated London News. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n kọ lẹ́yìn náà, ìránṣẹ́ ni wọ́n pè é. Oyè ajagun ni ó ní nínú ọmọ ogun Róòmù.

Orílẹ̀-èdè olómìnira mìíràn ló wá pa á. Faransé, tó ti lé ọba tirẹ̀ lọ ní 1848, rán ọ̀gágun Oudinot láti lọ dá Póòpù padà sórí àga. Garibaldi lé wọn sẹ́yìn ní ọjọ́ 30 oṣù Igbe, wọ́n padà wá pẹ̀lú àgbá ńláńlá, wọ́n sì dó ti ìlú náà. Ní ọjọ́ 30 oṣù Òkúdù 1849, ọta àgbá fọ́ ní Trastevere, èérún rẹ̀ bá Aguyar lórí. Ìwé òfin tí wọ́n kéde bí Róòmù ti ń bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá fagi lé ìdájọ́ ikú. Nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn ikú Aguyar, Anita tó lóyún kú nínú ilé àgbẹ̀ kan lẹ́bàá Ravenna bí wọ́n ti ń sá lọ.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn, ayé mọ̀ ọ́n, kò sì nílò ká fa á gùn: ìrìn àjò dé New York àti Peru, ìpadàbọ̀ ní 1854, àwọn ẹgbẹ̀rún kan ó lé díẹ̀ tí ó kó lọ sí Sicily ní 1860, tí wọ́n fi gba gbogbo gúúsù Ítálì. Àwọn àjòjì wá bá òun náà jà lọ́tẹ̀ yìí, István Türr láti Hángárì sì wà lára àwọn tó sún mọ́ ọn jù. Àwọn olómìnira bíi Mazzini kò dárí jì í nítorí pé ó gbé ilẹ̀ tó gbà fún ọba Vittorio Emanuele. Mo rò pé ó mọ̀ pé bí òun kò bá fi í lé ọba lọ́wọ́, ọmọ Ítálì àti ọmọ Ítálì ni yóò máa para wọn.

Ẹ̀rí tó ṣe pàtàkì jù fún ìbéèrè wa ti Amẹ́ríkà wá. Ní 1861, ogun abẹ́lé ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ìjọba Lincoln sì rán aṣojú rẹ̀ ní Bẹ́ljíọ̀mù, Henry Sanford, lọ sí erékùṣù Caprera láti fún Garibaldi ní ipò ọ̀gágun. Garibaldi béèrè ohun méjì. Ó fẹ́ jẹ́ olórí gbogbo ọmọ ogun, èyí tí ẹnikẹ́ni kò lè fún àjòjì. Ó sì fẹ́ agbára láti kéde òmìnira àwọn ẹrú, bí ó bá rí i pé ó tọ́, nítorí pé bí ogun náà kò bá jẹ́ torí ẹrú, ìjà abẹ́lé bíi ti ibikíbi ni, kò kan òun. Lincoln kò tíì ṣe tán láti dáhùn ìyẹn. Garibaldi kò lọ. Nígbà tí ìkéde òmìnira jáde ní ọjọ́ 1 oṣù Ṣẹrẹ́ 1863, ó kọ ìwé ìkíni sí Lincoln.

Ẹ gbé èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọdún 1837. Nígbà náà, ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìjọba tó ní ẹrú láìbéèrè ohunkóhun. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlélógún, ó kọ ipò tó tóbi jù èyí tí Rio Grande lè fún un lọ, nítorí pé kò rí ìdáhùn sí ohun tó béèrè, tí ìbéèrè ẹrú sì wà lára rẹ̀. Mo gbà gbọ́ pé Aguyar àti àwọn ọlọ́kọ̀ dúdú ló kọ́ ọ ní ìbéèrè náà. Àwọn òpìtàn tó ń ṣírò ohun tí Gúúsù Amẹ́ríkà kọ́ ọ sábà máa ń dúró lórí ọgbọ́n ogun, ẹṣin gígùn àti ẹ̀wù pupa.

Ní oṣù Ọ̀wàrà 1870 ó gúnlẹ̀ sí Marseille. Faransé yìí kan náà ló pa ìjọba Róòmù, òun náà ló gba Nice, ìlú ìbí rẹ̀, ní 1860. Ṣùgbọ́n Napoléon Kẹta ti ṣubú lọ́wọ́ àwọn ará Prussia, Paris sì ti kéde ìjọba olómìnira ní ọjọ́ 4 oṣù Ọwẹ́wẹ̀. Pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ Menotti àti Ricciotti, àwọn ọmọ Pólàndì, ọmọ Sípéènì àti Faransé, ó di Dijon mú ní oṣù Ṣẹrẹ́ 1871, wọ́n sì rí àsíá ẹgbẹ́ ọmọ ogun Prussia kan gbà lójú ìjà. Wọ́n dìbò yàn án sí ilé aṣòfin, àwọn aṣòfin sì fi ariwo pa á lẹ́nu mọ́ ní Bordeaux nítorí pé ọmọ Ítálì ni. Victor Hugo gbèjà rẹ̀ nínú ilé náà, wọ́n pariwo lé òun náà lórí, ó sì fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Bí a bá fẹ́ rí ológun àjòjì tó béèrè ìbéèrè ẹrú láti ọjọ́ àkọ́kọ́, Kúbà ni kí a yíjú sí. Ọmọ Dominican Republic, láti Baní, ni Máximo Gómez. Inú ọmọ ogun Sípéènì ló ti jà rí, wọ́n sì kó o dé Kúbà ní 1865. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìyà tí òun rí lára àwọn ẹrú ibẹ̀ ló kọ́kọ́ fa ọkàn òun mọ́ Kúbà. Ní ọjọ́ 10 oṣù Ọ̀wàrà 1868, Carlos Manuel de Céspedes tú ẹrú tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì gbé ogun dìde; Gómez dara pọ̀ mọ́ wọn kí oṣù náà tó parí. Òun ló kọ́ wọn bí a ṣe ń fi àdá ìgbẹ́ nìkan kọ lu oníbọn. Carlos Roloff wá láti Pólàndì, Henry Reeve wá láti Brooklyn, ó sì kú sí ojú ogun ní 1876. Ìwé òfin tí wọ́n ṣe ní Guáimaro ní oṣù Igbe 1869 sọ pé òmìnira ni gbogbo olùgbé ilẹ̀ náà. Wọ́n fà sẹ́yìn lórí rẹ̀ lọ́dún kan náà, wọ́n ní kí ẹni tó gba òmìnira ṣì máa ṣiṣẹ́ fún ọ̀gá, ṣùgbọ́n wọ́n fagi lé ìyẹn náà nígbà tó yá. Àwọn dúdú, tí àwọn Lucumí, ẹ̀jẹ̀ wa, wà lára wọn, ló kún inú ọmọ ogun yẹn, wọn kò sì dúró sí ìdí ọ̀kọ̀ nìkan: Antonio Maceo di ọ̀gágun tó ń pàṣẹ fún funfun àti dúdú. Nígbà tí àwọn aṣáájú kan fọwọ́ sí àlàáfíà ní 1878 láìsí òpin sí oko ẹrú, Maceo kọ̀ ọ́ lójú ọ̀gágun Sípéènì. Porongos kò lè ṣẹlẹ̀ níbi tí ẹni tó yẹ kí wọ́n tà ti wà nídìí tábìlì.

Ní Rio Grande do Sul, ọjọ́ 20 oṣù Ọwẹ́wẹ̀ ṣì jẹ́ ọjọ́ ìsinmi. Wọ́n ń gun ẹṣin, wọ́n ń jó, àwòrán Garibaldi àti Anita sì wà níbi gbogbo. Orin ìpínlẹ̀ náà, tó ti inú ogun yẹn jáde, ní ìlà kan tó di ẹ̀bi oko ẹrú ru ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú. Ní ọjọ́ 1 oṣù Ṣẹrẹ́ 2021, nígbà tí wọ́n ń búra fún ìgbìmọ̀ ìlú Porto Alegre, àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ tó jẹ́ dúdú jókòó nígbà tí àwọn yòókù dìde láti kọ ọ́, wọ́n sì sọ ìdí rẹ̀ síta.